Fọ́tò Àtijọ́ Kì Í Ṣe Pàṣán

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tó ń lọ báyìí tí ẹnìkan kì í fi fọ́tò àtijọ́ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí tàbí ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Fọ́tò náà sábà máa ń jẹ́ dúdú àti funfun. Ọmọbìnrin mẹ́ta dúró nínú rẹ̀, wọ́n wé gèlè, wọ́n fi báàgì kékeré há abíyá. Tàbí kí ó jẹ́ ọmọkùnrin méjì nínú súùtù, tí wọ́n la irun sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí táì wọn rí tín-ín-rín. Ẹni tó fi ránṣẹ́ á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí a wo bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń múra nígbà tí ayé ṣì dára. Kí a tó ṣẹ́jú, àwọn àgbà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan sáárá, ọ̀rọ̀ á sì ti di ti ṣòkòtò tó ya lórúnkún àti irun tí a pa láró tí àwa ọmọ yunifásítì ń gbé kiri.

Èmi náà fẹ́ràn àwọn fọ́tò yẹn. Mo lè jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹwà wọn kọ́ ni mo ń bá jà. Ohun tí mo ń bá jà ni ẹ̀rí tí wọ́n ń fi wọ́n jẹ́. Àwọn tó wà nínú fọ́tò yẹn kì í ṣe àgbà lọ́jọ́ tí wọ́n yà á. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, aṣọ tó lòde ni wọ́n sì wọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nílé ti bá wọn wí kí wọ́n tó jáde. Ẹni tó bá sọ fọ́tò wọn di pàṣán tó fi ń na àwa ọmọ wọn kò ka fọ́tò náà bó ṣe yẹ. Ẹni tó sì kàn ń wá aṣọ bẹ́ẹ̀ wọ̀ fún ọjọ́ àṣà ní ẹ̀ka wa, láì béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, kò kà á bó ṣe yẹ bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́tò fúnra rẹ̀. Láyé ìgbà náà, owó ni fọ́tò. Kò sí kámẹ́rà nínú àpò gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ tí ènìyàn bá máa ya fọ́tò, ọjọ́ ńlá ni: ọjọ́ Iléyá, ọjọ́ Kérésìmesì, ìkómọjáde, ìgbéyàwó, ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n á fọ aṣọ, wọ́n á fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, wọ́n á di irun lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n á sì rìn lọ sílé onífọ́tò jẹ́jẹ́ kí eruku má bà á bàtà jẹ́. Àwa ńkọ́? Ẹnìkan lè ya fọ́tò wa nígbà tí a ń sáré lọ sí kíláàsì aago mẹ́jọ, tí iná ọba ti lọ láti àná, tí omi kò sì yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ọjọ́ Iléyá tiwọn ni wọ́n ń fi wé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tiwa. Ẹjọ́ yẹn ti wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò ló jẹ́ ti ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ní Bamako, olú ìlú Mali, Seydou Keïta ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní 1948. Ó ní súùtù, táì, bàtà, aago ọwọ́, pẹ́ẹ̀nì, rédíò àti òdòdó oníke tí àwọn oníbàárà lè fi ya fọ́tò, wọ́n sì máa ń dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ náà. Lónìí, fọ́tò wọ̀nyẹn wà ní àwọn mùsíọ́ọ̀mù ńlá káàkiri àgbáyé, gbogbo ènìyàn sì ń yìn wọ́n pé wọ́n fi bí àwọn ará Bamako ṣe rí hàn. Wọ́n fi í hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ayé rí wọn ló fi hàn. Nínú àpótí fọ́tò ilé wa ní Atíkòrí, fáàsì òdòdó kan wà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn márààrún kì í ṣe ará ilé kan náà. Ti onífọ́tò ni fáàsì yẹn. Tí fáàsì bá jẹ́ àyálò, ta ló lè búra pé aago ọwọ́ kì í ṣe àyálò?

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó ṣàlàyé fọ́tò àwọn àgbà wa tí gbogbo wa mọ̀: ènìyàn jókòó, ó kọjú sí kámẹ́rà gbọọrọ, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, aṣọ rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ìjókòó iyì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ nípa fọ́tò ìbejì ló yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sínú fọ́tò kan náà, kí ó lè dà bíi pé àwọn méjèèjì jọ jókòó. Àwọn òbí mọ̀. Onífọ́tò mọ̀. Fọ́tò yẹn kì í ṣe irọ́ lójú wọn, nítorí pé ohun tó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò wà fún. Àwa la wá gbé irú fọ́tò ìgbà náà dání lónìí, tí a ń sọ pé báyìí gan-an ni ayé ṣe rí láàárọ̀ títí di alẹ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà pé aṣọ náà jẹ́ tiwọn. Ṣé aṣọ náà wá jẹ́ aṣọ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tí wọ́n ń pè é? Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ólékù. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 wọ inú àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọbìnrin Yorùbá gé ìró wọn kúrú. Ìró tó máa ń balẹ̀ dé kókósẹ̀ wá dúró sórí orúnkún, nígbà mìíràn ó tún gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì wọ bùbá tí apá rẹ̀ gbòòrò sí i. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ayé ń wọ síkẹ́ẹ̀tì péńpé nígbà yẹn. Tiwa kò wulẹ̀ wọ síkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sọ ìró ìyá wọn di péńpé. Ẹ wo ọgbọ́n! Fọ́tò ìyá àgbà mi kan wà tó ti wọ ólékù, tó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, tó fi awò dúdú bojú, tó sì wọ bàtà gogoro. Mo bi í léèrè ohun tí bàbá rẹ̀ sọ nígbà tó rí ìró yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní inú àpò lòun di ìró náà sí jáde nílé.

Fọ́tò yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n wa kan gbé sórí WhatsApp ẹbí, tó ní kí àwa ọmọ ìsinsìnyí wá wo bí obìnrin ṣe ń bo ara.

Ẹni tó bá ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ Yorùbá ti mọ̀ pé Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi ọ̀rọ̀ yìí kan náà ṣe orúkọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ Ó Le Kú, tó jáde ní 1974. Ìtàn Àjàní, ọmọ yunifásítì ní Ìbàdàn, àti àwọn ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ni. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, aṣọ ólékù inú rẹ̀ tún gba ìgboro. Àwọn tí kò tíì sí láyé nígbà tí ìyá wọn ń wọ ólékù náà sáré lọ bá télọ̀. Báyìí ni aṣọ tí àwọn bàbá bínú sí ṣe di àṣà àwọn baba ńlá wa láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré.

Ìbínú yẹn kì í sì í ṣe ti inú ilé nìkan ní ilẹ̀ adúláwọ̀. Ní Tanzania, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ òṣèlú TANU kéde ní 1968 pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 1969, àwọn fòfin de síkẹ́ẹ̀tì péńpé, wíìgì àti ṣòkòtò tó fún mọ́ra. Idi Amin fòfin de síkẹ́ẹ̀tì péńpé ní Uganda ní 1972. Ní Malawi, ìjọba Banda fi òfin de ṣòkòtò fún obìnrin àti irun gígùn fún ọkùnrin ní 1973. Ìjọba kì í ṣòfin lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Bí gbogbo ọ̀dọ́ ìgbà náà bá múra bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́ fún wa, kí ni òfin wọ̀nyẹn wà fún? Ẹ wo fọ́tò tí Malick Sidibé yà ní Bamako lálẹ́ ọdún Kérésìmesì 1963: ọmọkùnrin kan nínú súùtù funfun àti ọmọbìnrin kan tí kò wọ bàtà, wọ́n forí kan orí, wọ́n ń jó. Ijó yẹn ni irú àwọn òfin wọ̀nyẹn ń lé kiri.

Ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n máa ń sọ ni pé aṣọ ìgbà náà jẹ́ àṣà wa pọ́ńbélé. Léèsì ńkọ́? Kò sí òde Yorùbá tó pé láìsí léèsì, àmọ́ orílẹ̀-èdè Austria, ní agbègbè Lustenau, ni wọ́n ti ń hun púpọ̀ nínú rẹ̀ wá fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Àwọn oníṣòwò wa ló ń sọ irú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ lára rẹ̀ fún àwọn aláṣọ òyìnbó, ìyẹn ló fi di tiwa. Ìyáàfin Shade Thomas-Fahm náà ńkọ́? Ó kọ́ṣẹ́ aṣọ ní London, ó padà wálé ní 1960, ó ṣí ilé aṣọ ní Yaba. Òun ló ń rán ìró tó ní síìpù, tó sì ń ta gèlè tí a ti wé sílẹ̀ kí ẹni tó rà á lè kàn gbé e sórí. Ó dájú pé àwọn kan á ti sọ nígbà náà pé ọ̀lẹ ló ń wọ gèlè àwésílẹ̀. Nígbà tí mùsíọ́ọ̀mù Victoria and Albert ṣe àfihàn aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà ní London ní 2022, iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n pàtẹ.

Kódà ẹni tó wọ ìró àti bùbá lásán lè máa jà. Ní Abẹ́òkúta, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pa aṣọ òyìnbó tì ní àwọn ọdún 1940, ó ń wọ ìró àti bùbá lọ síbi gbogbo kí àwọn obìnrin ọjà lè mọ̀ pé ọ̀kan náà ni àwọn. Ẹni tó rí fọ́tò rẹ̀ lónìí á rí ìyá àgbà tó múra bí ìyá àgbà. Àwọn tó rí i nígbà náà rí obìnrin tó ń bá ìjọba jà. Aṣọ kan náà ni, ojú tí a fi ń wò ó ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ìlú Haruna Ishola, ọba orin àpàlà, ìlú yìí náà ló sì kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí ní 1979. Ẹ wo páálí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹ ó rí òun nínú aṣọ Yorùbá. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò Bobby Benson tàbí Victor Ọláìyá, àwọn olórin háíláìfù tí ń wọ súùtù. Láyé kan náà ni wọ́n gbé, ọ̀dọ́ kan náà sì lè jó sí orin méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èwo nínú wọn ni ìmúra àtijọ́? Méjèèjì ni. Kò sígbà kan tí gbogbo ọ̀dọ́ ń múra bákan náà, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá aṣọ ẹgbẹ́.

Ní 2024, fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba, ní Ìjẹ̀bú-Òde, gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Aṣọ iyì wà lọ́rùn rẹ̀, awò dúdú wà lójú rẹ̀, fínfín sì wà lára ọwọ́ rẹ̀. Tọmọdé tàgbà ló yìn ín, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò nítorí fínfín tí kò tó ìka méjì lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Fínfín kan náà ni. Ẹṣin nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ náà kò gùn. Mo sì lè fi dá yín lójú pé ní àádọ́ta ọdún sí i, fọ́tò Ojúde Ọba yẹn yóò wà lọ́wọ́ àgbà kan tí yóò máa fi í bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wí.

Mi ò sọ pé àwọn àgbà kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu o. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun kan wà nínú fọ́tò wọ̀nyẹn tí a ti pàdánù lóòótọ́. Ẹ wo bí aṣọ náà ṣe jókòó sí wọn lára. Télọ̀ ló wọ̀n wọ́n, kì í ṣe pé wọ́n ṣa aṣọ nínú òkìtì òkìríkà. Ẹlòmíràn á ra aṣọ kan lọ́dún, yóò sì tọ́jú rẹ̀ títí àbúrò á fi jogún rẹ̀. Orílẹ̀-èdè wa náà ń ṣe aṣọ: ilé iṣẹ́ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957, ó sì ti kógbá sílé láti 2002, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló sì bá a lọ. Bí àwọn àgbà bá fẹ́ fi fọ́tò béèrè ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè èyí: ta ló ti ilé iṣẹ́ aṣọ pa, tí télọ̀ fi di awakọ̀ ọ̀kadà, tí ọmọ yunifásítì kò fi lè rán aṣọ tuntun? Ìbéèrè yẹn nítumọ̀ ju orúnkún ṣòkòtò wa lọ. Ṣùgbọ́n àwa ọ̀dọ́ kọ́ ni yóò dáhùn rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé bí a ṣe ń jà lórí fọ́tò yìí, fọ́tò náà ń parun. Òjò ń wọlé sí i, ikán ń jẹ ẹ́, ó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù. Bí onífọ́tò kan bá kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ṣe iṣẹ́ náà, àwọn fíìmù tó kó jọ fún ọgbọ̀n ọdún lè bọ́ sórí ààtàn. Àwọn tó lè dárúkọ ẹni tó wà nínú fọ́tò náà sì ń dínkù lọ́dọọdún. Fọ́tò tí kò lórúkọ lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni lè fi sọ ohun tó bá wù ú. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti fi ṣe pàṣán.

Ẹnìkan ṣoṣo lè ṣe púpọ̀. J.D. 'Okhai Ojeikere ra kámẹ́rà Brownie ní 1950. Láti 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, ẹ̀yìn orí ló sì sábà máa ń yà, kí ọ̀nà tí wọ́n gbà dì í lè hàn. Kó tó kú ní 2014, fọ́tò irun tó ní ti sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan, orúkọ irun sì wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Nítorí orúkọ yẹn la fi mọ̀ lónìí pé irun kan tó yà ní 1975 ń jẹ́ Onílé Gogoro, àti pé bí àwọn ènìyàn ṣe ń kọ́ ilé gíga ní Èkó ni àwọn onídìrí náà ń kọ́ tiwọn sórí.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Nígbà tí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, yálà Òkè-Àgbò ni tàbí Òkè-Ṣópín, Ojówò, Atíkòrí, Jàpàrà tàbí Àgọ́-Ìwòyè, ẹ gbé àpótí fọ́tò sílẹ̀, kí ẹ sì jókòó ti ẹni tó dàgbà jù nílé. Ẹ béèrè ta nìyí, ọdún wo ni, ilé fọ́tò ta ni, ta ló rán aṣọ náà, ta ló sanwó rẹ̀. Ẹ béèrè àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí nínú fọ́tò dúdú àti funfun, àlàárì pupa àti ẹtù aláró lè jọ ara wọn bí ìbejì. Ẹ wo aṣọ tí onífọ́tò ta sẹ́yìn wọn dáadáa: Keïta fúnra rẹ̀ fi àwọn aṣọ ẹ̀yìn tó ń pààrọ̀ ní ilé fọ́tò rẹ̀ dá ọdún tó ya fọ́tò mọ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ìdáhùn sẹ́yìn fọ́tò náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, má fi bírò kọ ọ́ kí ó má bà á jẹ́ níwájú. Ẹ fi fóònù yà á, ojú àti ẹ̀yìn. Ẹ̀ka wa lè ya àyè kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí fún fọ́tò kan lóṣù, pẹ̀lú gbogbo orúkọ inú rẹ̀, bí àwọn tó ni ín bá gbà.

Ní ìparí, bí ẹnìkan bá tún fi fọ́tò àtijọ́ bá yín wí, ẹ má bínú, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jọ̀wọ́ mà, ta ni orúkọ wọn, kí sì ni bàbá wọn sọ nígbà tó rí aṣọ yẹn? Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, a ti gba ìtàn kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ikán. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, á jẹ́ pé àwa àti àwọn ló jọ ní iṣẹ́ láti ṣe.